Mo fẹ́ fi Raspberry Pi wọn ìgbì FM fún oṣù kan ní Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ káàdì kún kí wákàtí méjì tó pé

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Mọ́ńdè, 8:12 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kéte. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ilé bàbá mi wà lẹ́bàá òkè Olósùnta. Láti kékeré ni mo ti ń kíyè sí i pé tí ọyẹ́ bá ti dé, rédíò bàbá mi a máa ṣe ohun tí kì í ṣe nígbà òjò. Ní ìdájí, tí ẹ bá rọra ń yí i láàárín ilé-iṣẹ́ rédíò méjì tí a mọ̀ dáadáa, ẹ óò gbọ́ ẹlòmíì tó ń sọ Haúsá, tàbí orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ládùúgbò. Tí oòrùn bá gòkè báyìí, ó lọ nìyẹn. Bàbá mi ní òkè ló ń mú un wá. Mo fẹ́ mọ ìgbà tó ń dé, ìgbà tó ń lọ, àti iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù.

Ohun tí mo ní: Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń rìnrìn àjò, RTL-SDR kan, áńtẹ́nà kékeré tó bá a wá, àti mẹ́mórì káàdì 32 GB. Mo gbé gbogbo ẹ̀ sí àjà ilé. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Mo lo ètò kan tí ń jẹ́ rtl_sdr, mo ní kó máa gba gbogbo ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, mo bá àwọn èèyàn tàkúrọ̀sọ díẹ̀, mo padà gòkè, káàdì ti kún fọ́fọ́. Wákàtí méjì ò tíì pé! Oṣù kan ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ṣé kí n lọ ra hard disk ni?

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Mọ́ńdè, 9:03 alẹ́

Àbúrò, má tíì náwó. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná.

Bí rtl_sdr bá ń ṣiṣẹ́ ní 2.4 MS/s, ó ń wọn ìgbì nígbà mílíọ̀nù 2.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ló ń kọ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn di 4.8 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 288 MB ní ìṣẹ́jú kan, 17.28 GB ní wákàtí kan. Ọjọ́ kan á jẹ bíi 415 GB, oṣù kan á lé ní 12 TB. Hard disk wo lo fẹ́ lọ rà? Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé 2.4 MHz péré lo rí nínú odindi 20 MHz tí FM wà. Káàdì á kún tán, o ò sì ní rí gbogbo FM.

O ò nílò ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe le tó lo fẹ́ mọ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ iye èèyàn tó ná ọjà lónìí, ṣé ó yẹ kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyálọ́jà ń bá oníbàárà wọn sọ sínú ìwé? Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa kà wọ́n ni.

rtl_power ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó máa ń bá rtl_sdr wá, ó ti wà lórí ẹ̀rọ rẹ. Tẹ èyí:

`rtl_power -f 87M:110M:10k -i 60 -g 20 -e 24h fm.csv`

Láti 87 dé 110 MHz, kó gé e sí wẹ́wẹ́ tí kò ju 10 kHz lọ, kó máa kọ ìpíndọ́gba sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan kan, gain 20 (bí ẹ̀rọ ṣe máa gbé ohun tó gbọ́ sókè tó), kó dúró lẹ́yìn wákàtí 24. Kò lè rí gbogbo 23 MHz lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà á máa fò láti ibì kan sí òmíràn, ibi mẹ́sàn-án, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa yípo. Ìlà mẹ́sàn-án lo máa rí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àti aago ló máa ṣíwájú ìlà, ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí lórí ìgbì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bíi nọ́ńbà 256 ní dB, ìyẹn bí ìgbì ṣe le tó. Ilé-iṣẹ́ FM kan máa ń gba bíi 200 kHz, torí náà nǹkan bí ogún nọ́ńbà ló máa jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan. Ó pọ̀ tó.

Gbogbo ẹ̀ kò ju bíi 19 KB lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ kan, bíi 27 MB. Oṣù kan ò ní pé 1 GB, o ò sì tíì fi gzip fún un pọ̀.

Ohun kan péré: dB yẹn kì í ṣe dBm, ìwọ̀n agbára gidi, o. Kò sẹ́ni tó bá ọ díwọ̀n ẹ̀rọ yẹn. Fi tàná wé tòní lórí ẹ̀rọ kan náà, má fi wé ti ẹlòmíì.

Ará_Ìjerò | Mọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Kí ni RTL-SDR? Mo rò pé rédíò lẹ ń sọ, àfi bí mo ṣe ń rí gígábáìtì.

Títí_Ọ̀yẹ́ | Ọ̀yẹ́ | Mọ́ńdè, 10:15 alẹ́

@Ará_Ìjerò ẹ̀rọ tí ẹ máa ń kì bọ USB ni, ó tó àtàǹpàkò. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kí èèyàn lè máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ṣíìpù kan tí ń jẹ́ RTL2832U ló wà nínú ẹ̀. Ní 2012 ni àwọn bíi Antti Palosaari, Eric Fry àti àwọn ará Osmocom jọ tú àṣírí ẹ̀ pé ó lè kó ìgbì tó bá gbọ́ fún kọ̀ǹpútà ní tútù, láìsè, kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ máa sè é. Bí ohun tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú ṣe di rédíò tó ń gbọ́ láti 24 dé 1766 MHz nìyẹn, tó bá jẹ́ èyí tó ní R820T nínú.

Bọ̀dá Olósùnta, tó bá ń sọ fún yín pé ẹlòmíì ti ń lo ẹ̀rọ náà, Linux ló ti gbà á fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kọ dvb_usb_rtl28xxu sínú fáìlì blacklist, kí ẹ tún un tàn.

Bàbá_Wáyà | Adó | Túsìdeè, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo ti ń tún rédíò ṣe l'Ádó láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, kí wọ́n tó fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa ní 1996. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yín yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún yín. Áńtẹ́nà ni tèmi.

Ọmọ mi, ju áńtẹ́nà kékeré tó bá a wá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kúrú jù fún FM, àti pé abẹ́ páànù lo gbé e sí. Páànù àti ìgbì kì í ṣọ̀rẹ́. Wá wáyà bàbà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 73, na wọ́n sí apá ọ̀tún àti apá òsì lórí ọ̀pá oparun. So àárín wáyà tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọ̀kan, so àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ èkejì. Níbo ni 73 ti wá? Ìgbì tó wà ní 98 MHz gùn tó mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Pín in sí mẹ́rin, yọ díẹ̀ kúrò torí pé irin ló ń gbà á kọjá. Gbé e síta, kó ga ju òrùlé lọ.

Tí òjò bá ṣú, sọ̀kalẹ̀ kí o fà á yọ. Orí àpáta lẹ wà ní Ìkẹ́rẹ́, irin tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀ fún àrá kì í rí ilẹ̀ rírọ̀ jẹ. Mo ti rí rédíò tí àrá sọ di èédú, mi ò sì fẹ́ rí ti orí àjà bàbá rẹ.

Adájọ́Kékeré | Adó | Túsìdeè, 1:05 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ẹnìkan tó sọ pé ọlọ́pàá á gbé e. Rédíò FM, gbogbo ayé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ẹ̀ àti wíwọn agbára ẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Òfin Cybercrimes ti 2015 ló lòdì sí kéèyàn máa já ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé gbà láfẹ́fẹ́. Torí náà ẹ̀yin tó ń ronú pé ẹ óò fi ẹ̀rọ yìí gbọ́ fóònù aládùúgbò yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ohunkóhun *ránṣẹ́* sáfẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ. Ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ NBC, ti fóònù wà lọ́wọ́ NCC. Inú mi dùn pé RTL-SDR ò lè sọ̀rọ̀, etí nìkan ló ní.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Fúráìdeè, 7:48 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́! Mo ti ṣe áńtẹ́nà bàbá, ó wà lórí oparun, àwọn ọmọ àdúgbò ń bi mí bóyá mo fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù. Fáìlì ọjọ́ kan jẹ́ 27 MB bí ẹ ṣe wí. Mo fi ètò kan tí ń jẹ́ heatmap.py sọ ọ́ di àwòrán: ìgbì wà látòsì sọ́tùn-ún, aago ń sọ̀kalẹ̀, ibi tó bá ti le á mọ́lẹ̀. 91.5 ti Rédíò Èkìtì àti 100.5 ti Progress, tó ń bọ̀ láti Adó, dúró gbọingbọin bí òpó méjì.

Àmọ́ ohun méjì ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ kan wà ní 109.5! Ó ń bọ̀ tọ̀sán-tòru. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Èkejì, àmì mọ̀nàmọ́ná kan ń yọ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ará_Ìjerò | Fúráìdeè, 8:02 alẹ́

109.5? Rédíò mi ò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ó parí sí 108.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Fúráìdeè, 8:30 alẹ́

Torí kò sí FM níbẹ̀ ni. Láti 108 lọ sókè, ti ọkọ̀ òfuurufú ni, òun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Ìwin ni 109.5 rẹ. Ṣe ìṣirò yìí wò: 100.5 lọ́nà méjì jẹ́ 201. Yọ 91.5 kúrò. Kí ló kù?

Títí_Ọ̀yẹ́ | Ọ̀yẹ́ | Fúráìdeè, 8:34 alẹ́

Yéè! 109.5 géérégé.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Fúráìdeè, 8:51 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Bít mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ yẹn fi ń ka ìgbì. Tí ohùn méjì tó le bá wọ inú ẹ̀ pọ̀, tí gain sì ga, wọ́n á lọ́ mọ́ra, wọ́n á bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn bí. Áńtẹ́nà tí Bàbá fún ọ dára, òun ló jẹ́ kí wọ́n wọlé tagbáratagbára. Bí o ṣe máa dá ìwin mọ̀: dín gain kù díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gidi á dín kù ní ìwọ̀n tí o fi dín in. Irú ìwin yìí a máa dín kù ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Tí 91.5 bá fi 5 dB lọọlẹ̀, 109.5 á fi bíi 15 já wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò ò ṣẹ̀ ọ́ o, inú ẹ̀rọ rẹ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Ti mọ̀nàmọ́ná, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ Pi ò tó ni. Tẹ vcgencmd get_throttled kí o sọ ohun tí o rí.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Fúráìdeè, 9:20 alẹ́

Mo dín gain láti 20 sí 12. 109.5 pòórá pátápátá! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí mo rí ni throttled=0x50005. Ṣájà fóònù ni mo ń lò.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Fúráìdeè, 9:31 alẹ́

Ebi ń pa á báyìí, ó sì ti ń pa á tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni 0x50005 ṣe wí. Pi 3 ń fẹ́ 5 V àti 2.5 A. Ṣájà fóònù tí wáyà ẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà ò lè gbé e. Wá ojúlówó. Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kó máa kọ fáìlì kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan, gé e sí wákàtí wákàtí, kí o sì máa kó o sórí flash. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, wákàtí kan lo máa sọnù, kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 7:10 alẹ́

Mo tún dé o. Mo rí i! Ó kéré tán mo rò pé mo rí i. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìgbì tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án yọ láàárín àwọn tí a mọ̀, wọ́n le díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún parẹ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni aago: 2:20 òru ni wọ́n dé, 4:30 ni wọ́n lọ. Ìdájí ni mo máa ń gbọ́ wọn lórí rédíò bàbá mi, kì í ṣe ọ̀gànjọ́.

Ẹ tún wo eléyìí. Ilé-iṣẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń pa ẹ̀rọ ní ọ̀gànjọ́. Lórí àwòrán mi, 12:00 ló pa á ní Fúráìdeè. Sátidé, 10:20. Sọ́ńdè, 8:50 alẹ́. Ṣé wọ́n ti ń tètè pa á ni?

Títí_Ọ̀yẹ́ | Ọ̀yẹ́ | Túsìdeè, 7:45 alẹ́

Ti ìgbì tó ń dé yẹn, ohun tí mo kà nínú físíìsì bá a mu. Lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló máa ń gbóná ju ti òkè lọ. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run á mọ́ lóru, ilẹ̀ á tú ooru ara ẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, afẹ́fẹ́ tó fara kan ilẹ̀ á tutù, èyí tó wà lókè ẹ̀ á wá gbóná jù ú lọ. Ìgbì FM tí ì bá gba òkè lọ kò ní lè lọ mọ́, á tẹ̀, á máa bá ilẹ̀ rìn bí omi nínú gọ́tà, á sì jìnnà gan-an. Oòrùn ló máa ń yọ, á mú ilẹ̀ gbóná, á fọ́ gọ́tà náà. Torí náà agogo mẹ́rin ààbọ̀ ò yẹ kó jẹ́ àkókò tó ń parí. Kò sí oòrùn nígbà yẹn.

Ará_Ìjerò | Túsìdeè, 8:00 alẹ́

Ilé-iṣẹ́ tí o ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ wọn ní Sọ́ńdè títí wọ́n fi ní ó dàárọ̀, ọ̀gànjọ́ ni. Àfi tí rédíò tìrẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 8:06 alẹ́

Àbí áńtẹ́nà ló ń yẹ̀? Àbí òkè?

Bàbá_Wáyà | Adó | Túsìdeè, 8:40 alẹ́

Má fẹ̀sùn kan áńtẹ́nà mi. Aago wo ló wà lára kọ̀ǹpútà yẹn báyìí?

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 8:58 alẹ́

Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àjà. Ó ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún lọ́sàn-án.

Bàbá_Wáyà | Adó | Túsìdeè, 9:01 alẹ́

Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti mú iná lọ láti Fúráìdeè?

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 9:03 alẹ́

Mi ò kà á mọ́.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Túsìdeè, 9:25 alẹ́

Ojú tì mí. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́, nígbà tí o ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lájà.

Pi 3 ò ní bátìrì aago bíi ti kọ̀ǹpútà ńlá. Tí iná bá lọ, kò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú kan tàbí ọdún kan ló fi sùn. Tó bá jí, íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń béèrè aago lọ́wọ́ ẹ̀. Tí kò bá sí, fáìlì kan wà tí fake-hwclock ń kọ aago sí ní wákàtí wákàtí, ibẹ̀ ló máa ti mú un. Ó jí ní agogo mẹ́sàn-án, á ní agogo mẹ́fà ni, á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Iná lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti fi ẹ̀ẹ̀marùn-ún pàdánù àkókò. Kì í dé iwájú láé, ẹ̀yìn ló máa ń fà sí. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ yẹn fi dà bí ẹni pé ó ń tètè sùn lójoojúmọ́.

Sístẹ́ẹ̀mù wo lo fi sórí káàdì?

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 9:30 alẹ́

Buster ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi sí i.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Túsìdeè, 9:52 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀, iṣẹ́ wákàtí wákàtí máa ń wáyé nígbà tí aago bá lé ní ìṣẹ́jú 17. Ṣí fáìlì rẹ, wá ibi tí ìlà ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi iyán kan ta pé ìṣẹ́jú 17 tàbí 18 ni gbogbo wọn máa bẹ̀rẹ̀. O sì máa rí ibi tí aago kan náà wà lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ó máa ń padà sẹ́yìn sí ìgbà tó kọ kẹ́yìn.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Túsìdeè, 10:20 alẹ́

Ẹ jẹ iyán náà. 14:17, 19:18, 6:17, 11:17... Ìṣẹ́jú 17 sí 52 ti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà wọn ò sì bára mu. Mo ti ń wo fáìlì yìí láti ọjọ́ mẹ́rin, mi ò rí i.

Ṣé gbogbo ohun tí mo ti gbà ti ṣòfò nìyẹn?

Títí_Ọ̀yẹ́ | Ọ̀yẹ́ | Wẹ́sídeè, 7:15 àárọ̀

Kò ṣòfò, bọ̀dá. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa ẹ̀rọ ní ọ̀gànjọ́ yẹn ni aago yín. Ní Sọ́ńdè, àwòrán ní 8:50, ọ̀gànjọ́ ni lóòótọ́, a jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ṣẹ́yìn. Tí iná ò bá lọ láàárín ìgbà náà sí àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ fi 3:10 kún 2:20, ẹ fi kún 4:30.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Wẹ́sídeè, 7:31 àárọ̀

5:30 sí 7:40. Ìdájí! Rédíò bàbá mi ò purọ́.

Ẹ̀rọ_àti_Iyán | Ìdó | Wẹ́sídeè, 8:10 àárọ̀

Ibi tí kò bá ti sí ilé-iṣẹ́ tó pa ẹ̀rọ tàbí tó tàn án láàárín ìgbà tí iná lọ méjì, ju apá yẹn nù. Má fojú díwọ̀n ẹ̀.

Fún ti iwájú, ra DS3231. Pátákó kékeré kan ni, bátìrì olówó ẹyọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Òun á máa ka aago bí iná wà bí kò sí, kò sì lè fi ju bí ìṣẹ́jú kan yẹ̀ lọ́dún. So ó mọ́ àwọn ẹsẹ̀ tí ń jẹ́ 3.3 V, SDA, SCL àti GND (ilẹ̀) lára Pi, kọ `dtoverlay=i2c-rtc,ds3231` sínú config.txt, yọ fake-hwclock kúrò kó má bàa máa bá a du aago. Gbé Pi lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́ẹ̀kan kó gba aago tòótọ́, tẹ `sudo hwclock -w`, ó tán. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé e padà sájà.

Bàbá_Wáyà | Adó | Wẹ́sídeè, 9:00 àárọ̀

Ọmọ mi, má tíì sọ fún bàbá rẹ pé òkè ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Títí sọ òótọ́ lórí ọyẹ́, àmọ́ tí àpáta bá bo ilé-iṣẹ́ tó le mọ́ ọ lójú, etí rédíò á ṣófo, á lè gbọ́ ẹni tó jìnnà. Ẹni tó ń gbé ní gbangba pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè má gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́. Gbé rédíò bàbá rẹ lọ sí apá kejì òkè lọ́jọ́ kan ní agogo mẹ́fà, kí o wò ó.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:15 ìrọ̀lẹ́

DS3231 ti wà lára ẹ̀. Iná ti lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti ìgbà náà, aago ò yẹ̀. Nínú òwúrọ̀ mẹ́sàn-án tí mo ní odindi, mẹ́rin ni wọ́n dé. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí agogo mẹ́fà tó lù ni, wọn ò sì kọjá agogo mẹ́jọ ààbọ̀. Àwọn márùn-ún yòókù, kò sí nǹkan kan. Ìkùukùu wà nínú mẹ́ta nínú wọn, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Àmọ́ ohun kan tún wà. Láti bí agogo méje alẹ́, ilẹ̀ gbogbo àwòrán máa ń mọ́lẹ̀ wá sókè látòsì dé ọ̀tún, bí ẹni da ẹ̀kọ sí i, títí di agogo mẹ́wàá. Ìgbì tẹ́ẹ́rẹ́ kankan ò lè yọ nínú ẹ̀. Mo ti ṣàyẹ̀wò aago o, kí ẹ tó bi mí.

Bàbá_Wáyà | Adó | Sátidé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ariwo inú ilé nìyẹn. Ìgbì tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í bo gbogbo ojú ìwé bákan náà. Nǹkan kan wà tí ẹ ń tàn ní agogo méje tí ẹ ń pa ní mẹ́wàá. Lálẹ́ òní, fi páwà báǹkì gbé Pi, kí o jẹ́ kí ó máa kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Lọ síbi mítà, pa gbogbo ilé. Tí ariwo bá lọ, tilé yín ni. Máa tàn wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o kọ aago tí o tan ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Tí kò bá lọ, ó di ti aládùúgbò, ìyẹn gba kí o fọgbọ́n sọ ọ́.

Ará_Ìjerò | Sátidé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Tó bá jẹ́ ti aládùúgbò, mú adìyẹ dání lọ.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Sátidé, 9:44 alẹ́

Gílóòbù LED ni. Èyí tó wà níwájú ilé, tí èmi fúnra mi rà ní ọjọ́ tí mo ra RTL-SDR, torí owó tó kù lọ́wọ́ mi. Mo tàn án ní 8:31, ariwo dé ní 8:31. Mo pa á ní 8:36, ó lọ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá mi ní kí n yé fi ilé ṣeré.

Títí_Ọ̀yẹ́ | Ọ̀yẹ́ | Sátidé, 9:50 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáìlì òwúrọ̀ mẹ́sàn-án yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbé ti ara mi kalẹ̀ l'Ọ́yẹ̀ẹ́ níbí, ká wò ó bóyá ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dé.

ỌmọOlósùnta | Ìkẹ́rẹ́ | Sátidé, 9:58 alẹ́

Mo máa fi ránṣẹ́ lọ́la. Bàbá, ṣé ẹ ní wáyà tẹlifíṣọ̀n tó gùn tó mítà ogún ní ṣọ́ọ̀bù? Mo fẹ́ gbé áńtẹ́nà jìnnà sílé.

Bàbá_Wáyà | Adó | Sátidé, 10:06 alẹ́

Ó wà. Wá ní Mọ́ńdè, kí o mú gílóòbù yẹn dání. Mo fẹ́ tú u wò.